Owú Bàbá Yín Kì í Ṣe Irin Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀dẹ tó wà ní Òsí, ní Ìlọ́fà, ní Odò-Ọwá, ní Ọ̀bọ, ní Erúkù àti ní ilẹ̀ Ọ̀pìn lápapọ̀, ẹ̀yin la ń kìlọ̀ fún. Bí onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bá ti ọmọlanke rẹ̀ dé iwájú ilé yín, tó ní kí ẹ kó irin tí ẹ kò lò mọ́ jáde, ẹ má gbé owú bàbá yín lé ìwọ̀n rẹ̀. Bí owó ilé ìwé ọmọ tilẹ̀ ń lé yín, ẹ ní sùúrù títí ẹ ó fi mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín gan-an.

Owú tí à ń wí yìí ni irin ńlá ẹ̀gbẹ́ iná, èyí tí alágbẹ̀dẹ máa ń gbé irin pípọ́n lé kó tó fi ọmọ owú lù ú. Ẹwìrì lè gbó, ẹmú lè sọnù, òrùlé àgbẹ̀dẹ lè wó lulẹ̀. Owú ló máa ń gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ní ilé púpọ̀ lónìí, ẹ̀yìnkùlé lẹ ó ti bá a. Ìdajì rẹ̀ ti wọlẹ̀, adìẹ ń bà lé e, àwọn ọmọdé sì ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá àgbẹ̀dẹ láyé, irin lásán ló máa pè é.

Àwọn tó ń wá a kiri

Onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni àkọ́kọ́. Kílò ló ń rà, ìtàn kò kàn án. Irin tó bá kó jọ á dé ọ̀dọ̀ alágbàtà ńlá, láti ibẹ̀ á dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Owú tó bá ti wọ ìléru bẹ́ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kò sí ọlọ́pàá tó lè bá yín wá a padà.

Ẹnì kejì kì í ti ọmọlanke. Ọkọ̀ ló ń bá wá, á kí àgbà ilé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á ní ohun àtijọ́ lòun ń rà. Á kọ́kọ́ béèrè ère, òpó gbígbẹ́ àti ilẹ̀kùn ayé àtijọ́, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ síbi tí owú wà. Owó tó máa dá lé e á fi díẹ̀ ju ti onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lọ, kí ẹ má baà lè kọ̀. Ó mọ ohun tó ń rà. Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń tà.

Olè ni ẹnì kẹta, òun sì ni ìgbà yìí gbè jù. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn àgbẹ̀dẹ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wà ní Ìlọrin, Abúja àti Èkó, ìbẹ̀rù ajínigbé sì ti lé ọ̀pọ̀ ará abúlé kúrò nílé. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń ká a. Bí ẹ bá ní owú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó wà nílé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ìdí tí irin yìí fi ṣe pàtàkì

Agbègbè wa yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú iṣẹ́ ọnà. Àrẹógún agbẹ́gilére ti Òsí, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1880 tó sì kú ní 1954, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Bándélé ọmọ rẹ̀ ló kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ìhà Odò-Ọwá, Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè ará Kájọlà gbẹ́ àwọn ère ńláńlá tí wọ́n ń gbé lórí nígbà ọdún Ẹ̀pa. Ní 2022, ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àfihàn, òun nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún.

Àáké àti ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo igi wọ̀nyẹn, alágbẹ̀dẹ ló rọ àáké, òun náà ló rọ ọ̀bẹ. Orúkọ agbẹ́gilére wọ ìwé. Orúkọ ẹni tó rọ irinṣẹ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ohun tó kù tó lè jẹ́rìí fún alágbẹ̀dẹ ni ọkọ́ díẹ̀, àdá díẹ̀, àti owú. Ọkọ́ a máa jẹ tán lóko, àdá a máa kán. Owú ni iṣẹ́ ìran mẹ́ta, mẹ́rin, gbà kọjá, tí àpá ọwọ́ wọn sì wà lára rẹ̀ títí di òní.

Àwọn ẹlòmíràn mọ ìyì ohun tí wọ́n ní. Ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, irin rọ̀bọ̀tọ̀ ńlá kan wà ní ojúbọ Ògún Ládìn, èyí tí ìtàn ìlú so mọ́ Ládìn alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Ìran dé ìran ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Ní Rwanda, nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn tú ibojì Ọba Cyirima Rujugira, wọ́n bá owú irin tí wọ́n sin mọ́ ọn, nítorí pé irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wà lára ohun àṣẹ ọba níbẹ̀. Bí irin bá lè bá ọba wọ ibojì, kò yẹ kí tiwa bá páànù àti kòkò fífọ́ wọ ọmọlanke.

Irú èwo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Àkekèé àti ejò a máa fi abẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe ilé. Ẹ fi díígà wú u láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Owú tí kò ga kọjá orúnkún lè wọn kílò 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Ẹ pe èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lo agbára ẹsẹ̀, ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e.

Kí ẹ tó fọwọ́ pa á, ẹ yà á ní fọ́tò bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ẹ wò ó dáadáa. Irú mẹ́rin ló wọ́pọ̀.

Èkíní ni òkúta. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀dẹ ló ní owú onírin; ní ilẹ̀ Bassar ní Togo, orí òkúta ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń lu irin, òkúta ńlá ni wọ́n sì fi ń lù ú. Owú olókùúta máa ń ní ojú kan tó dán, tó sì jìn díẹ̀ láàárín, nígbà tí ara tó kù ṣì rí ṣákaṣàka. Bí ìdàrọ́ bá wà nílẹ̀ nítòsí rẹ̀, tàbí èédú àtijọ́ nínú ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí àgbẹ̀dẹ lẹ dúró sí. Ẹ má fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ilé.

Èkejì ni owú tí àwọn bàbá wa fúnra wọn rọ. Òun ló ṣọ̀wọ́n jù, òun náà ni ojú sábà máa ń fò dá. Kò ní ìwo, kò ní ihò, kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Ó lè rí rọ̀bọ̀tọ̀ lókè kó rí ṣóńṣó nísàlẹ̀, ibi tó rí ṣóńṣó yẹn ni wọ́n ń rì mọ́ inú ìtì igi tàbí inú ilẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn án láti ìhà kan: ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ irin mọ́ irin, ẹ ó sì rí àpá ọmọ owú tó tò lọ ní ẹsẹẹsẹ. Etí òkè rẹ̀ á ti tẹ́ síta, á yí ara rẹ̀ wálẹ̀ bí orí olú, nítorí ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti fi ń lù ú. Lọ́jọ́ tí irin òyìnbó kò tíì gba ọjà, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń yọ́ irin. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ̀wé nípa ilé ìyọ́rin tó rí nítòsí Ọ̀yọ́, iná sì wà níbẹ̀ nígbà náà. Owú tí wọ́n fi irú irin bẹ́ẹ̀ rọ kò ní àrọ́pò mọ́.

Ẹ̀kẹta ni owú òyìnbó. Òun ló ní ìwo ní ìhà kan, ojú pẹrẹsẹ lókè, ihò onígun mẹ́rin kan, àti ihò kékeré róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn wá sí Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ti rélùwéè àti ti àwọn míṣọ́ọ̀nù sì lò wọ́n kí àwọn kan tó bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wa. Ẹ rọra fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì pa á. Ṣọ́ọ̀kì á dúró lórí irin, á fo ibi tó jìn, lẹ́tà á sì yọ. Bí kò bá yọ, ẹ tẹ́ bébà pẹlẹbẹ lé e, ẹ fi èédú fá ojú bébà náà síwá sẹ́yìn. Ẹ lè bá orúkọ Peter Wright, tàbí Mousehole, tí méjèèjì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sì lè bá Kohlswa tàbí Söderfors, tí wọ́n wá láti Swídìn.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára owú Gẹ̀ẹ́sì máa ń da ojú rú, torí ọ̀pọ̀ rò pé ọdún ni. Ìwọ̀n rẹ̀ ni. Ẹ sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ di ìlọ́po 112, ẹ sọ èkejì di ìlọ́po 28, ẹ fi ẹ̀kẹta kún un bó ṣe wà. Bí ẹ bá rí 1 1 12, 112 àti 28 àti 12 nìyẹn: 152 pọ́n-ùn, tó tó nǹkan bíi kílò 69. Nọ́ńbà àárín kì í kọjá 3, ti ìgbẹ̀yìn kì í sì í kọjá 27. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìṣirò mìíràn ni wọ́n lò.

Ẹ̀kẹrin ni àfiṣe: ègé réèlì, ásù lọ́rì, tàbí orí ẹ́ńjìnnì tí alágbẹ̀dẹ rí tó sì sọ di owú. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin ní 1908, láti ìgbà náà ni ègé réèlì ti ń wọ àgbẹ̀dẹ káàkiri ilẹ̀ yìí. Ẹ má fojú kéré èyí náà. Réèlì a máa ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún tí wọ́n ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sì lè ti ibẹ̀ mọ ìgbà tí bàbá bàbá yín kò lè tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ìdánwò tí kò ní pa á lára

Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ kàn án lórí díẹ̀, ní àárín, kì í ṣe létí. Owú òyìnbó tó bá yè máa ń dún gooro bí kò bá sí lórí ilẹ̀ rírọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá kú níbì kan tó sì dún níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kó ti sán, tàbí kí irin líle ojú rẹ̀ ti fẹ́ ṣí kúrò lára rẹ̀. Àwọn irú kan wà tí ohùn wọn kì í dún láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ohùn nìkan dájọ́.

Èkejì, ẹ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ tọrọ ọmọ bíárìn róbótó kan. Ẹ gbé rúlà dúró lórí owú, ẹ jẹ́ kí ọmọ bíárìn náà já bọ́ láti ínṣì 10. Bó bá ta padà dé ínṣì 7 tàbí 8, ojú owú náà ṣì le. Bí kò bá tó ínṣì 4, ojú rẹ̀ ti rọ̀, bóyá nítorí pé ó ti bá ilé jó rí. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kò wà fún owú tí àwọn bàbá wa rọ. Irin tiwọn rọ̀ láti ilẹ̀, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí pé bíárìn kò ta sókè sọ fún yín pé kò níye lórí.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà pé kó bá yín dí ibi tó jìn. Irin líle ojú owú òyìnbó kò nípọn; ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì ínṣì péré. Iná wẹ́dà á rọ̀ ọ́, ibi tó tún ṣe lónìí á sì sán lọ́la. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń gé irin lọ ojú rẹ̀ kó lè tẹ́jú. Ohun tí ẹ ń lọ dànù yẹn ni líle rẹ̀, àti àpá iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú yín.

Ẹ má jù ú sínú iná láti jó ìpáta kúrò. Ẹ má da ásíìdì bátìrì sí i. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà. Ọ̀dà á bo lẹ́tà mọ́lẹ̀, ìpáta á sì máa jẹ ẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fi òòlù lu etí owú láé. Irin líle lu irin líle, èérún á fò, ojú ló sì sábà máa ń wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ níláti wọ gíláàsì ìbojú. Ẹ má sì gbé e sórí tábìlì tàbí ibi gíga tí ọmọdé lè fà á lulẹ̀. Owú tó bá bọ́ lé ẹsẹ̀ ọmọ kò ní dá ẹsẹ̀ náà sí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí epo, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìyẹ́ adìẹ bá ti lẹ̀ gbagidi mọ́ ọn lára, ẹ má fọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti bọ Ògún lórí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn sì jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé kí ẹ tó fi kàn-ìn-kàn-ìn kàn án.

Bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀

Ìtọ́jú owú kò gba owó. Bí kò bá sí ohun ètùtù lára rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ìpáta tó bá ń já bọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin rá a díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró nígbà tí ẹ bá kan ara dúdú tó dán. Ara dúdú yẹn ló ń dáàbò bò ó, ẹ má wá irin funfun. Ẹ má bu omi sí i. Bí ìdọ̀tí bá le, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, kí iná jìnnà síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ọ́yìlì ẹ́ńjìnnì tuntun pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu èyí tó bá kù kúrò. Ẹ má lo ọ́yìlì tí mẹkáníìkì ti yọ dànù. Kò dára fún awọ ara, bẹ́ẹ̀ ni kò dára fún irin. Ẹ pa á lọ́yìlì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tí òjò bá dá. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń dà á láàmú. Aṣọ gbígbẹ tó fún un.

Ẹ má gbé e lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí orí símẹ́ńtì, torí ọ̀rinrin á máa ti ìsàlẹ̀ jẹ ẹ́. Orí ìtì igi líle ni ilé rẹ̀. Ìrókò tàbí apá dára, ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ ìdí igi náà wò nítorí ikán. Bí ẹ bá fẹ́ máa lò ó, ẹ lò ó. Owú kì í gbó nítorí iṣẹ́ tó tọ́. Irin pípọ́n nìkan ni kí ẹ máa lù lórí rẹ̀.

Òfin, ẹbí àti ẹ̀sìn

Òfin tó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí ti Nàìjíríà, NCMM, sílẹ̀ ní 1979 ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe kí ó tó di 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó tún ka ohun tó ní ìtàn nínú, tí wọ́n sì ti lò fún ètùtù ìbílẹ̀, mọ́ ọn. Àjọ náà àti aṣojú tó bá fún láṣẹ nìkan ló lè ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè gbé e jáde ní Nàìjíríà láì gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá bá ọkọ̀ wá láti rà á, ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ mú ìwé rẹ̀ wá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín, Èsìẹ́ kò jìnnà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ láti 1945 nítorí àwọn ère òkúta ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti àjọ náà sì ni.

Ti ẹbí tún wà níbẹ̀. Owú àgbẹ̀dẹ kì í ṣe ti àkọ́bí nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tó bá ń gbé inú ilé nìkan. Àjogúnbá gbogbo ọmọ ni, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tó bá dá a tà lẹ́yìn ẹbí ń wá ìjà tí owó kílò kò ní lè san.

Àwọn kan á ní ẹ̀sìn àwọn kò gbà á, pé nǹkan òrìṣà ni. Ẹ̀sìn yín kò ní kí ẹ bọ ọ́. Pípa irinṣẹ́ bàbá ẹni mọ́ kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Moshood ni orúkọ Bámigbóyè tó gbẹ́ ère Ẹ̀pa, ìyẹn kò sì dá àáké rẹ̀ dúró. Fáàdá Kevin Carroll tó ṣí ibi iṣẹ́ ọnà sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947 gba Bándélé, ọmọ Àrẹógún, láti máa gbẹ́ igi fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Fáàdá kò bá sá fún ọmọ Òsí tó jogún iṣẹ́ ọnà, kò yẹ kí ọmọ Òsí sá fún irin bàbá rẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá sì fẹ́ ẹ nílé rárá, ẹ fún ẹlòmíràn nínú ẹbí, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ààfin tàbí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta kí oṣù yìí tó tán. Ẹ ya owú yín ní fọ́tò láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ilé. Ẹ lọ bá àgbà tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ bi í pé ta ló kọ́kọ́ ni ín, ibo ló ti rí i, ta ló fi lé lọ́wọ́, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹbí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá a tà. Tí onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bá wá tún kan ilẹ̀kùn, ẹ kó kòkò àlùmínì tó ti lu fún un.